Ohun Tí A Tẹ́ àti Ohun Tí A Kàn Mọ́lẹ̀

Ìyá mi kò kan ẹní mọ́lẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, torí ta ló ń kan ẹní mọ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n òun gan-an ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àtàǹpàkò mi sórí pákó ilẹ̀.

Ọmọ Ògòtún-Èkìtì ni mí. Ẹní híhun la fi ń mọ ìlú wa káàkiri. Lára owó ẹní ni ìyá mi ti rán mi níwèé, òun ló sì fi ẹní kan sínú ẹrù mi ní 1985 nígbà tí mò ń bọ̀ wá sí ìlú òyìnbó, ó ní mi ò mọ ibi tí ilẹ̀ á ti ṣú mi sí. Ìwé ni mo bá wá, ṣùgbọ́n owó ilé ẹ̀kọ́ ju agbára mi lọ, ni mo bá di ẹni tó ń ru kápẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé ọ̀gá kan kiri. Ọdún kẹfà ni mo tó padà lọ kí wọn nílé. Ìyá mi bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní mò ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

"Bí o bá tẹ́ ẹ tán, ta ló ń ká a?"

"A kì í ká a, Màámi. Ńṣe la ń kàn án mọ́lẹ̀."

Ó wò mí títí. "Báwo wá ni wọ́n ṣe ń gbá abẹ́ rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìgbà tí mo dàgbà sínú iṣẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ti da àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé títí wọ́n fi rí ìdáhùn sí i, àwọn náà ń ká kápẹ́ẹ̀tì wọn bí a ti ń ká ẹní.

Ohun tó gún mi lọ́wọ́ ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń pè ní gírípà. Igi eléyín ni èmi ń pè é. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, tó fẹ̀ tó íǹṣì kan péré, tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún nílẹ̀ yìí. Abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́ yọ jáde lójú rẹ̀ ní ìlà méjì, gbogbo wọn dà síhà kan náà bí eyín ẹja. Ìṣó tí a ó fi kàn án ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, òòlù nìkan ló kù.

A ó kan igi náà yí yàrá ká, abẹ́rẹ́ á kọjú sí ògiri. A kì í fi í ti ògiri. A ó fi àyè tóóró kan sílẹ̀, àyè tí kò tó ìnípọn kápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. A ó tẹ́ fóòmù sáàárín, á dé ẹ̀gbẹ́ igi náà, kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kápẹ́ẹ̀tì. A ó fi etí rẹ̀ kan kọ́ abẹ́rẹ́ níhìn-ín, a ó wá kọjá sí òdìkejì pẹ̀lú irin kan tó léyín níwájú, tó sì ní tìmùtìmù nídìí. Orúnkún la fi ń ta tìmùtìmù náà. Bí a ti ń ta á ni kápẹ́ẹ̀tì ń sún síwájú, tó ń le bí awọ ìlù, títí abẹ́rẹ́ ìhà kejì á fi gbé e. A ó gé etí tó bá ṣẹ́ kù, a ó sì fi irin pẹlẹbẹ tì í wọ inú àyè tóóró yẹn. Ó parí. Ojú kò rí ìṣó kankan. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá ń fẹ́ sún padà sáàárín yàrá, ńṣe ni abẹ́rẹ́ á túbọ̀ máa wọ̀ ọ́ lára, bí ẹran tí tàkúté mú tó ń jà.

Mo ti kan irú igi bẹ́ẹ̀ ní yàrá tí mi ò lè kà tán. Tinú ilé mi yìí, èmi ni mo kàn án ní 1998, ní oṣù tí a ra ilé náà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin ní òun fẹ́ fi yàrá ẹ̀yìn ṣe ọ́fíìsì, òun kò sì fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ni èmi tí mo tẹ́ ẹ bá tún di ẹni tó ń ká a. Nígbà tí kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù jáde tán, tí mo ṣí fèrèsé kí eruku lọ, mo jókòó ti ògiri, mo wo ilẹ̀. Láyé Victoria ni wọ́n kọ́ ilé yìí, pákó ilẹ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ ọ mọ́. Àmì mẹ́ta ló wà lára pákó náà. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí kò ní rí wọn.

Àmì kìíní ni ọ̀dà. Láti ìdí ògiri wọ inú, ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ yíká, pákó náà dúdú bí ẹni fi ọṣẹ dúdú ra á. Láti ibẹ̀ dé àárín, pákó mọ́ lásán, kò fojú kan ọ̀dà rí. Ẹni tó kun yàrá yẹn kò fi ọ̀dà ṣòfò: ó kun ibi tí ojú máa rí, ó fi ibi tí kápẹ́ẹ̀tì máa bò sílẹ̀. Àkókò tí kápẹ́ẹ̀tì jẹ́ onígun mẹ́rin tó dá dúró láàárín yàrá nìyẹn, tí a lè ká nígbàkígbà.

Kí kápẹ́ẹ̀tì tó dé ibẹ̀, ó ti rìn jìnnà. Nígbà kan, èyí tó ń ti ilẹ̀ Tọ́kì wá wọ́n débi pé orí tábìlì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́lá Yúróòpù ń tẹ́ ẹ sí, wọn kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ kàn án. Ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Thomas Whitty, ará Axminster ní Devon, rí kápẹ́ẹ̀tì ńlá ilẹ̀ Tọ́kì kan ní Cheapside ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì lè sùn mọ́ títí ó fi mọ bí òun náà á ṣe hun ún. Ní 1755 ó hun tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì jókòó sídìí òfì náà. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ojú Ògòtún ni mo rí: agboolé ìyá mi, àwọn ọmọbìnrin lórí ilẹ̀, ọ̀pá ewé tí wọ́n ti là, tí wọ́n ti sá, tí wọ́n ti pa láró, ọwọ́ wọn kò sì dúró.

Ti Axminster, ọba àti ìjòyè ni ó wà fún. Ìlú Kidderminster ló hun ti àwọn tó kù. Láti 1749 ni wọ́n ti ń hun irú èyí tí wọ́n ń pè ní Brussels níbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju íǹṣì 27 lọ. Báwo ni íǹṣì 27 ṣe máa bo yàrá? Ọmọ Ìsẹ́yìn kò ní bi mí ní ìbéèrè yẹn. Bí a ṣe ń rán aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ kó tó di agbádá ni wọ́n ṣe ń rán kápẹ́ẹ̀tì pọ̀ kó tó di ti pálọ̀. Títí ọwọ́ àwọn ọ̀gá tó kọ́ àwọn ọ̀gá mi níṣẹ́, abẹ́rẹ́ àti òwú wà nínú àpò iṣẹ́ wọn. Nígbà tó yá, Erastus Bigelow ará Amẹ́ríkà ṣe òfì tí ẹ̀rọ ń wà, wọ́n rí iṣẹ́ rẹ̀ níbi àfihàn ńlá ti 1851 ní Hyde Park, ilé iṣẹ́ Crossley ní Halifax sì ra àṣẹ láti lò ó. Láti ìgbà náà ni owó kápẹ́ẹ̀tì ti wálẹ̀ débi tí olùkọ́ àti akọ̀wé fi lè ní in nínú yàrá bíi tèmi yìí.

Ìbéèrè ìyá mi, báwo ni wọ́n ṣe ń gbá abẹ́ rẹ̀? Wọ́n ń ká a ni. Bí òtútù bá ti ń lọ, ọmọ ọ̀dọ̀ á gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, á fi kọ́ okùn, á fi ọ̀pá nà án títí eruku á fi tán nínú rẹ̀. Ti orí àtẹ̀gùn, ọ̀pá idẹ ni wọ́n fi há a mọ́ igun àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Wọn á fa ọ̀pá yọ, wọn á dán an, wọn á sì sún kápẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀ sókè kí ojú kan náà má baà máa jẹ ẹsẹ̀ títí láé. Àwọn náà mọ̀ pé ohun tí a bá tẹ́, ó yẹ kí a lè ká a.

Àmì kejì ni ihò wẹ́wẹ́ tó tò sídìí ògiri bí ipa ẹsẹ̀ èèrà. Ihò ìṣó kéékèèké ni. Ẹnì kan tó gbé ilé yìí lẹ́yìn ẹni ọlọ́dà ti fẹ́ kí kápẹ́ẹ̀tì òun kan ògiri ní gbogbo igun, bẹ́ẹ̀ igi eléyín kò tíì dé. Wọ́n máa ń ṣẹ́ etí rẹ̀ sábẹ́ ni, wọn á sì gbá ìṣó mọ́ ọn ní ìwọ̀n ìka mélòó kan síra. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ Jàmáíkà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ahọ́n ni ó fi ń yí orí rẹ̀ síta, tí òòlù onímágínẹ́ẹ̀tì á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ mi, mo ní rárá. Mo ti gbé ẹnu mi wá láti Èkìtì, mo fẹ́ gbé e padà.

Ẹni tó bá kan kápẹ́ẹ̀tì báyìí, tó bá fẹ́ nà án lọ́dọọdún, á yọ ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún kàn án padà. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́? Ohun tó tú wọn sílẹ̀ dé ní 1901, nígbà tí Hubert Cecil Booth ṣe ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Ti àkọ́kọ́ tóbi débi pé ẹṣin ló ń fà á. Òde ni ó ń dúró sí, wọn á na rọ́bà gígùn gba ojú fèrèsé wọlé. Ní 1902, òun ni wọ́n fi fọ kápẹ́ẹ̀tì Westminster Abbey nígbà tí wọ́n fẹ́ dé Ọba Edward Keje ládé. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kéré débi tí ìyàwó ilé fi lè dá fà á, tí iná mànàmáná sì wọ ilé, kò sí ìdí láti ká kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Eruku lè jáde láìjẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì jáde. Ó pẹ́ kí n tó rí ìdáhùn yìí, ìyá mi sì ti lọ kí n tó lè sọ ọ́ fún un.

Bí a kò bá ní ká a mọ́, ó kù kí a rí ohun tí yóò mú un le láìfi ìṣó ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ibẹ̀ ni àmì kẹta ti wá: ihò ìṣó ńlá, tó jìnnà síra, ní ìlà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ tèmi ti 1998, èkejì ti ṣáájú mi. Amẹ́ríkà ni igi eléyín ti gbilẹ̀ wá, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló sì di ohun gbogbo ilé. Kápẹ́ẹ̀tì tó gbé e ká kò jọ ti Kidderminster mọ́. Ní 1895, ọmọdébìnrin kan ní ẹ̀bá ìlú Dalton ní Georgia, Catherine Evans, fi òwú gún aṣọ ìbòrí ibùsùn lọ́nà tí òwú náà fi dúró bí irun; ní 1900 ó ta ọ̀kan ní dọ́là méjì àbọ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń gbé aṣọ kọ́ okùn lẹ́bàá ọ̀nà fún èrò ọkọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà, abẹ́rẹ́ di ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, aṣọ ibùsùn fẹ̀ sí i, ó sì di kápẹ́ẹ̀tì. Kò sí òfì mọ́, kò sí rírán pọ̀. Ohun tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12 lè jáde lẹ́ẹ̀kan, kó bo yàrá láti ògiri dé ògiri. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cyril Lord ló fi orin ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n tà á káàkiri láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Donaghadee ní Àríwá Ireland. Ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè ní 1968, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì ti wọlé ná, kò sì jáde mọ́.

Àbúrò bàbá mi rí ìyípadà yẹn pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1961 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Yàrá tó kọ́kọ́ gbé, ó ní tápólì bí awọ ejò ló wà nílẹ̀, kẹrosíìnì ló ń jó nínú sítóòfù, tí òórùn rẹ̀ sì ń bá a lọ sí ilé ẹjọ́. Ọdún tí yóò darí sílé, ní 1978, owó epo ti yí Nàìjíríà lórí, kápẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ rà sínú ẹrù rẹ̀. Èmi fúnra mi wà lára àwọn ọmọ tó gbé e wọlé ní Adó-Èkìtì. Ó pupa, irun rẹ̀ gùn débi pé àbúrò mi sọ owó ẹyọ kan nù sínú rẹ̀. Bàtà ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Ní ilé wa, èdè náà tilẹ̀ yí padà. Rọ́ọ̀gì ni à ń pe èyí tó nírun. Kápẹ́ẹ̀tì ni a ń pe èyí tó dà bíi rọ́bà tí a ń yà tà lójà ní yáàdì. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀gá ní kí n gbé rọ́ọ̀gì wá, mo kó gbogbo kápẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kékeré iwájú ìdáná ló ń wí.

Àti pé ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ yín nílé kò fi rí igi eléyín rí: ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kì í gba ìṣó bí pákó ti ń gbà á. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ti àbúrò bàbá mi. Òjò rọ̀, ọ̀rinrin gòkè láti inú sìmẹ́ǹtì, gọ́ọ̀mù jọ̀wọ́, gbogbo pálọ̀ ń rùn bí ajá tó tutù. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n fi àdá ha á kúrò. Táìsì ló wà níbẹ̀ lónìí. Ìyẹn bá ilẹ̀ wa mu jù. Ṣé ẹ mọ̀ pé ní Ilé-Ifẹ̀, ó ju 500 ọdún lọ sẹ́yìn, wọ́n ti fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, tí wọ́n to àfọ́kù rẹ̀ ní ìdúró lọ́nà tó jọ egungun ẹja? Àtẹnudẹ́nu ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó kórìíra ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ló pàṣẹ rẹ̀. Ó mọ ohun tí ilẹ̀ olójò ń fẹ́.

Iṣẹ́ náà gba ohun kan lọ́wọ́ àwa tó ṣe é. Orúnkún ọ̀gá mi ti wú bí òróǹbó kó tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, torí orúnkún ló fi ń ta irin yẹn ní àìmọye ìgbà lójúmọ́. Ní 1990, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ kọ ìwé ìkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé kí àwọn tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì máa lo ẹ̀rọ tó ń nà án dípò orúnkún. Ìwé náà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Orúnkún mi ọ̀tún ń sọ fún mi bí òjò bá ń bọ̀.

Yíyọ rọrùn ju títẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní àánú. Mo fi ẹ̀mú fa igun kan, mo gé kápẹ́ẹ̀tì sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo ká wọn, mo dì wọ́n. Nídìí igi eléyín, mo ti irin ìyọṣó bọ abẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ orí ìṣó gan-an, mo fi òòlù kàn án díẹ̀, mo gbé e. Ẹni tó bá gbé e láàárín ìṣó méjì, igi náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́ á sì fò. Inú garawa ni mo ń kó o sí, torí ọ̀rá kì í gbà á dúró. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọ̀sán. Ìgbà tí mo bọ́ ọ láti nu òógùn, tí mo sì fi ọwọ́ lásán gbé ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ni ó gún mi. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, mo lọ gbé ẹní ìyá mi lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Òtútù àkọ́kọ́ nìkan ni mo fi sùn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ká a, mo so ó, mo ní ọdún márùn-ún péré ló kù tí màá fi padà sílé, kí ó má gbó. Ọdún márùn-ún di mẹ́wàá. Mo kan kápẹ́ẹ̀tì mọ́ ilé onílé, mo kàn án mọ́ ilé tèmi, ẹní wà ní kíká lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bí ẹrù ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ láìpẹ́.

Mo tú okùn rẹ̀. Bí mo ti ṣí i ní ìbú ọwọ́ kan ni ó dún kẹ́kẹ́. Mo dáwọ́ dúró, mo pe àbúrò mi ní Ògòtún. Òun ló jókòó sídìí iṣẹ́ ìyá wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fagbára tú u o! Ọdún mélòó lẹ ti ká a?"

"Á tó ogójì."

Ó dákẹ́. "Ogójì ọdún, ẹ ò tẹ́ ẹ?"

"Mi ò fẹ́ kó gbó ni."

"Ẹní tí a kì í tẹ́ ló ń fọ́, Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èyí tí à ń tẹ̀. Ẹ wọ́n omi sí i lẹ́yìn, ẹ fi aṣọ tútù bò ó mọ́jú."

Mo ṣe bó ti wí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹní náà rọ̀. Mo tẹ́ ẹ sáàárín yàrá, ní ojú ibi tí kò lọ́dà gan-an, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́rin àwọn onílé àkọ́kọ́ ti wà. Ọ̀pá mẹ́ta ṣẹ́ nínú rẹ̀, aró rẹ̀ kò ṣí, ṣùgbọ́n etí kan kọ̀, ó ń ká ara rẹ̀ padà. Garawa ìṣó wà nílẹ̀ nítòsí, òòlù wà lórí rẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi méjèèjì, mo fi wọ́n tẹ etí ẹní náà mọ́lẹ̀.